Ìbéèrè Òǹkàwé: Rotorua, Ìlú Etí Adágún Tí Ilẹ̀ Rẹ̀ Ń Hó

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, mo mẹ́nu ba ọjọ́ mẹ́jọ tí mo lò ní Rotorua, ìlú kan tó wà létí adágún ní Erékùṣù Àríwá orílẹ̀-èdè New Zealand, níbi tí omi ti ń hó lábẹ́ ilẹ̀, tí èéfín sì ń yọ láti inú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì. Ìpínrọ̀ kan péré ni mo kọ nípa rẹ̀, àmọ́ lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ pọ̀ débi pé olóòtú ní kí n fi gbogbo ojú ìwé oṣù yìí dáhùn wọn. Márùn-ún ni mo yàn, nítorí pé ohun tí àwọn yòókù béèrè wà nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ mú àwọn ọmọ wa méjì lọ sí Rotorua, ṣùgbọ́n ẹnì kan sọ fún wa pé gbogbo ìlú náà ń rùn bí ẹyin òbu. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà ní ikọ́ fée. Ṣé òórùn yìí kò ní pa á lára? — Ìyá ọlọ́mọ méjì

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Gáàsì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hydrogen sulphide ló ń bá omi gbígbóná gòkè láti abẹ́ ilẹ̀, imí ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń mú un rùn bẹ́ẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì tó gbé mi lọ tó dúró ni òórùn náà ti wọlé bá wa, tí ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì fi aṣọ bo imú. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, n kò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́ àyàfi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ìhà adágún.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Pé imú ti mọ́ ọn lára kò túmọ̀ sí pé gáàsì náà ti lọ, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù, agbára ìgbóòórùn gan-an ló máa ń pa, tí ènìyàn kò fi ní mọ̀ pé ohun tó ń ṣe òun léṣe ṣì wà níbẹ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà inú kòtò àti inú yàrá tí a tì pa ló máa ń kóra jọ sí, ó sì ti pa ènìyàn rí ní Rotorua nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ní òru àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, òtútù mú mi, mo ti gbogbo fèrèsé, mo sì fi aṣọ ìnura dí ihò afẹ́fẹ́ kan tó wà lókè ògiri ilé ìwẹ̀. Nígbà tí obìnrin tó ń tọ́jú yàrá wọlé ní àárọ̀, kò tíì kí mi tán tó fi nawọ́ fa aṣọ náà yọ. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ó nàka sí ihò náà, ó ní, "Ẹ má dí èyí láé." Orí tó ti ń fọ́ mi láti ìdájí fúyẹ́ kí n tó jẹun àárọ̀ tán, nígbà tí mo sì wo ọwọ́ mi, òrùka fàdákà tí mo gbé sùn ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ní ti ọmọ yín, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2013 lórí àwọn olùgbé Rotorua kò rí ẹ̀rí pé gáàsì tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìlú náà ń dá ikọ́ fée sílẹ̀. Ìyẹn fi ọkàn ẹni balẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti mú ọmọ lọ láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Kí oògùn tó máa ń fà símú wà lápò yín nígbà gbogbo, kì í ṣe nínú ẹrù ní ilé àlejò. Ẹ gba yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ń ṣí, kó má ṣe wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́nu ihò tó ń rú èéfín, nítorí pé ọmọdé súnmọ́ ilẹ̀ ju àgbà lọ.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n ìyá mi kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní ẹnì kan kì í fowó ra ikú. Ẹ̀gbọ́n, ṣé òkè ayọnáyèéfín lè bú nígbà tí mo bá wà níbẹ̀, báwo ni ènìyàn yóò sì ṣe mọ̀ ṣáájú? — Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì

Àbúrò mi, bá mi kí màmá, kí o sì má ṣe bínú sí wọn, nítorí pé ìbéèrè tó tọ́ ni wọ́n ń béèrè. Adágún Rotorua fúnra rẹ̀, ojú òkè ayọnáyèéfín ni. Ó lé ní 200,000 ọdún sẹ́yìn tí ilẹ̀ ibẹ̀ bú gbàmù, tí ohun gbígbóná tó kún abẹ́ rẹ̀ tú dànù sójú ọ̀run, tí ilẹ̀ tó wà lókè sì rì wọlé nítorí pé kò sí ohun tó gbé e dúró mọ́. Àwokòtò ńlá kan ló kù, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 20 kìlómítà, omi sì rọ́ wọ inú rẹ̀. Erékùṣù Mokoia tí o máa rí láàárín adágún náà jẹ́ àpáta yíyọ́ tó ti ìsàlẹ̀ yọ lẹ́yìn náà, tó sì dì.

Ohun tó ń fa gbogbo rẹ̀ ni pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì ń wọ abẹ́ Erékùṣù Àríwá díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló sì ń mú kí àpáta yọ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Òjò tó bá rọ̀ máa ń jìn wọnú ilẹ̀, ooru náà á mú un, á sì wá ọ̀nà padà sókè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn Te Arawa, ìyẹn àwọn Māori (ọmọ onílẹ̀ New Zealand) tó ni agbègbè náà, ní ìtàn tiwọn, mo sì rọ̀ ọ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní babaláwo ńlá kan tó ń jẹ́ Ngātoroirangi gun òkè Tongariro, òtútù sì fẹ́ pa á lórí yìnyín, ló bá ké sí àwọn arábìnrin rẹ̀ ní Hawaiki, ilẹ̀ àwọn baba ńlá wọn, pé kí wọ́n fi iná ránṣẹ́. Abẹ́ ilẹ̀ ni iná náà gbà wá, ibi gbogbo tó ti yọjú kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń gbóná títí di òní: erékùṣù ayọnáyèéfín Whakaari nínú òkun, Rotorua, Taupō, títí dé Tongariro.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú ènìyàn, tí a sì kọ sílẹ̀, ni ti Òkè Tarawera. Ní òru 10 oṣù Kẹfà ọdún 1886, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ léraléra, òkè náà là sí méjì, ojú ìlà náà sì gùn tó nǹkan bí 17 kìlómítà. Nǹkan bí 120 ènìyàn ló kú, Māori ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn àtẹ̀gùn òkúta funfun àti aláwọ̀ osùn tí àwọn àlejò ti ń rìnrìn àjò gba orí òkun wá wò parẹ́ ní òru ọjọ́ kan. Eérú àti ẹrẹ̀ gbígbóná bo abúlé Te Wairoa, òrùlé ilé ń wó lé àwọn ènìyàn lórí, ṣùgbọ́n àwọn tó lé ní 60 sá wọ ilé Sophia Hinerangi, obìnrin tó máa ń mú àwọn àlejò lọ wo àtẹ̀gùn wọ̀nyẹn, ilé rẹ̀ kò wó, wọ́n sì yè é. Àwọn ìran Tūhourangi tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kò rí ibi padà sí mọ́. Abúlé Whakarewarewa ní Rotorua ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí ààyè gbé, lórí ilẹ̀ mìíràn tó tún ń hó, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ni àwọn tí yóò mú ọ kiri abúlé náà lónìí. Èyí ni mo ń rántí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ní kí n má ṣe fẹsẹ̀ kan ibì kan. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ náà mọ ohun tí ilẹ̀ yẹn lè ṣe.

Báwo ni o ṣe máa mọ̀ ṣáájú? GeoNet ni orúkọ àwọn tó ń ṣọ́ àwọn òkè wọ̀nyí àti ìmìtìtì ilẹ̀ ní New Zealand, wọ́n sì máa ń fi nọ́ńbà láti 0 dé 5 sọ bí òkè kọ̀ọ̀kan ṣe wà, 0 ni pé ó sùn, 3 sókè ni pé ó ti ń bú. Yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí o tó gbéra, kí o sì fi han màmá. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé nọ́ńbà kékeré túmọ̀ sí àìléwu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni nọ́ńbà Whakaari ti wà lórí 2 nígbà tí ó bú lójijì ní 9 oṣù Kejìlá ọdún 2019 nígbà tí àwọn àlejò wà lórí rẹ̀, ènìyàn 22 ló sì bá a lọ.

Nínú ìlú Rotorua fúnra rẹ̀, ohun tó yẹ kí o bẹ̀rù jù súnmọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ilẹ̀ wà níbẹ̀ tó dà bíi pé ó le, tí koríko tilẹ̀ hù sí i lórí, àmọ́ tí kò nípọn ju èèpo lọ, omi híhó ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ẹrẹ̀ àti òkúta ṣàdédé tú sókè nínú Kuirau Park, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà láàárín ìlú. Nítorí náà, ojú ọ̀nà tí wọ́n fi pákó tẹ́ ni kí o máa rìn. Má ṣe ré ọgbà kọjá nítorí àwòrán, bí o bá sì rí ihò tuntun tó ń rú èéfín níbi tí kò sí ọgbà, yà fún un, kí o sọ fún àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè náà ni 111.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ní, owó mi kò sì pọ̀. Kí ni kí n rí, kí ni kí n fojú fò? — Òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí pé Rotorua lawọ́ sí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Kuirau Park tí mo dárúkọ lókè kì í gba owó ìwọlé, omi gbígbóná sì wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè jókòó sí bèbè rẹ̀ kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù. Bí ó bá jẹ́ láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni ẹ lọ, tí í ṣe ìgbà òtútù wọn, èéfín á bo gbogbo ọgbà náà débi pé ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn tó ń bọ̀ kí ẹ tó rí wọn. Etí adágún, Government Gardens àti àwọn igi redwood gíga inú igbó Whakarewarewa kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afárá tí wọ́n so mọ́ ara àwọn igi náà lókè jẹ́ ti owó. Igbó yẹn tún dára fún ẹni tí òórùn ìlú bá ti sú.

Bí ẹ bá máa náwó sí ibì kan ṣoṣo, ẹ náwó sí abúlé Whakarewarewa. Kì í ṣe ibi tí wọ́n kọ́ fún àlejò. Àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀ ní tòótọ́, aṣọ wọn wà lórí okùn, èéfín sì ń gba àárín àwọn aṣọ náà kọjá. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi kan tí wọ́n ń pè ní Parekohuru, tó mọ́ lóló, tó sì ń hó láti ìsàlẹ̀. Obìnrin kan mú àpò àwọ̀n tó kún fún àgbàdo tútù wá, ó so okùn rẹ̀ mọ́ irin tó wà létí omi, ó sì rọra tì í sínú rẹ̀. Kò wo aago. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ àgbà, ó kàn dédé dìde láàárín ọ̀rọ̀, ó fa okùn, àgbàdo náà sì ti jinná, ó ń pọ́n, omi ń kán lára rẹ̀. Mo ti rò pé yóò ní òórùn imí ọjọ́ lẹ́nu. Kò ní in rárá. Àgbàdo lásán ni, tó dùn gan-an.

Láti inú abúlé náà ẹ ó rí Pōhutu, omi tó máa ń tú jáde láti inú àpáta, tó sì lè ga tó 30 mítà. Ó kù díẹ̀ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ló ti gbẹ́ kànga láti fi omi gbígbóná mú ilé wọn móoru, agbára àwọn omi tó ń tú sókè wá ń dínkù, títí ìjọba fi pàṣẹ ní ìparí àwọn ọdún 1980 pé kí wọ́n dí gbogbo kànga tó wà láàárín kìlómítà kan ààbọ̀ sí Pōhutu. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn onílé, ṣùgbọ́n omi náà padà bọ̀ sípò, mo sì gbà pé ìpinnu tó dára ni.

Ìrìn bí 30 kìlómítà sí gúúsù ni Wai-O-Tapu, ọ̀pọ̀ sì ń sáré lọ síbẹ̀ nítorí Lady Knox, tí omi rẹ̀ máa ń tú sókè ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní àràárọ̀. Ohun tó jọ ọṣẹ ni wọ́n ń dà sí i lẹ́nu kó tó tú. Èmi kò ní torí ìyẹn nìkan lọ. Èyí tí n kò lè gbàgbé níbẹ̀ ni adágún kékeré tí wọ́n ń pè ní Champagne Pool, tó fẹ̀ tó 65 mítà, tí omi rẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 74 Celsius, tí bèbè rẹ̀ sì pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n dénú nítorí àwọn èròjà arsenic àti antimony tó dì síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìlú kì í dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ ní láti háyà ọkọ̀ tàbí kí ẹ bá àwọn tó ń kó àlejò lọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ìgbà tí mo bá dé ìlú onílùú, n kì í fẹ́ ṣe ohun tí yóò tàbùkù sí onílé. Kí ni ó yẹ kí n mọ̀ nípa àṣà àwọn Māori kí n tó lọ? — Olùkọ́ àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ kan ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, "tapu" ni. Mímọ́ àti èèwọ̀ ló pa pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, mo sì rò pé kò ní ṣòro fún Yorùbá láti lóye rẹ̀. Orí ènìyàn jẹ́ tapu, nítorí náà ẹ má ṣe fọwọ́ pa ọmọ wọn lórí, bó ti wù kí ìfẹ́ inú yín pọ̀ tó. Ẹ má ṣe jókòó lórí tábìlì tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lé. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọ ilé ìpàdé wọn, ẹ dúró títí wọn yóò fi pè yín wọlé, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó ya àwòrán ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀. Bí onílé bá na ọwọ́ sí yín tó sì tẹ orí síwájú, "hongi" ni wọ́n ń pe ìkíni yẹn: ẹ rọra fi imú àti iwájú orí yín kan tirẹ̀, ẹ má ṣe sáré yọ ọ́. "Kia ora" ni ẹ fi ń kí ènìyàn. Lẹ́tà méjì "wh" nínú orúkọ wọn, bí "f" ni ọ̀pọ̀ wọn ń pè é.

Ẹ lọ sí Ōhinemutu, abúlé Māori tó wà létí adágún gan-an. Ṣọ́ọ̀ṣì St Faith's wà níbẹ̀, wọ́n sì fín àwòrán Jésù sára gíláàsì fèrèsé rẹ̀, aṣọ ìlékè Māori ló wọ̀. Bí ẹ bá jókòó sí ìjókòó tó yẹ, ó dà bíi pé orí omi adágún tó wà lẹ́yìn gíláàsì náà ló ń rìn. Mo pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Àwọn sàréè tó wà níta jẹ́ èyí tí wọ́n mọ sórí ilẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ gbóná jù láti gbẹ́. Ẹ má ṣe jókòó lé wọn, kí ẹ má sì jẹun láàárín wọn.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé adágún náà ní àwọn tó ni ín. Láti ọdún 2006 ni òfin ti dá ilẹ̀ abẹ́ omi adágún 13 ní agbègbè náà padà fún àwọn Te Arawa, Adágún Rotorua sì wà nínú wọn. Bí wọ́n bá sọ ìtàn Hinemoa, ọmọbìnrin Māori kan láyé àtijọ́, fún yín, ẹ má ṣe rò pé eré lásán ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ fa gbogbo ọkọ̀ ojú omi sórí ilẹ̀ kó má baà lọ bá Tūtānekai, ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́, ní Mokoia, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ fèrè rẹ̀ lálaalẹ́, ó so akèrègbè mọ́ ara, ó sì lúwẹ̀ẹ́ nínú òkùnkùn títí ó fi gúnlẹ̀, omi gbígbóná etí erékùṣù náà ló sì mú ara rẹ̀ yá. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà fún mi sọ pé àwọn jẹ́ ìran àwọn méjèèjì.

Ṣé gbogbo omi gbígbóná náà ni ènìyàn lè wẹ̀? Kí ni n kò gbọdọ̀ dì sẹ́rù? — Ìyàwó tuntun

Ẹ kú oríire, ìyàwó. Kí n kọ́kọ́ mú ti ẹrù kúrò ńlẹ̀: New Zealand kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú oúnjẹ, èso, oyin àti ewéko tí àlejò bá gbé wọlé. Ẹ kọ gbogbo oúnjẹ tó wà lápò yín sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Traveller Declaration, ìbáà jẹ́ èso kan ṣoṣo, nítorí pé 400 dọ́là wọn ni owó ìtanràn ojú ẹsẹ̀ fún ẹni tí kò bá kọ ọ́. Ẹ fọ bàtà yín kí erùpẹ̀ má ṣe sí lábẹ́ rẹ̀. Físà ni kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé owó 100 dọ́là wọn wà tí ọ̀pọ̀ àlejò ń san pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti omi, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀nba èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó wà fún ìwẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, nítorí pé ọ̀kan lè dára fún ara kí èyí tó wà nítòsí rẹ̀ sì bó ènìyàn láwọ̀. Bí ẹ bá ti lóyún, ẹ bi dókítà léèrè ṣáájú, kí ẹ má sì pẹ́ nínú omi tó gbóná. Ẹ yọ òrùka fàdákà sílẹ̀. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ kò gbọdọ̀ ri orí bọ inú omi náà, ẹ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó wọ imú yín, nítorí kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí lè wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó bá ti kan erùpẹ̀, imú ló sì máa ń gbà dé ọpọlọ. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti pa ènìyàn ní New Zealand. Ẹ di irun yín sókè kí ẹ tó wọlé, kí ẹ jókòó títí omi fi dé èjìká, bí òógùn bá sì ń ṣàn wọ ojú yín, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tí ẹ gbé sí bèbè nù ún, kì í ṣe ọwọ́ tó ti wà nínú omi.